Inú Tí Mo Wí

Bàbá Oyèdòkun yí àga rẹ̀ padà kó tó jókòó. Ó kọ ẹ̀yìn sí àbúrò rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ki ọ̀pá rẹ̀ bọ àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wá gbé àgbọ̀n lé e bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú síbí," ni Mufútáù wí. Òun ni olùlàjà tí ìjọba fi sí Ilé Ìlàjà ti Ìgbẹ́tì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ bí òrí tó rí oòrùn. "Òfin ní kí ẹ̀yin méjèèjì máa wo ojú ara yín."

"Ògiri," ni bàbá dáhùn, "bá mi sọ fún ọmọ yìí pé ojú ń dùn mí. Àwọn nǹkan kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ máa wò."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Dókítà Fadérera, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo yìí ti bá a yan odì. Bí ọ̀rọ̀ kan bá di dandan, ògiri ni yóò bá sọ ọ́, tàbí àga, tàbí ewúrẹ́ tó bá ń kọjá lọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ Fadérera kú, bàbá sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ìyámọ̀pó, ó dúró lójúde, ó kí òpó ilé pé ó kú ará fẹ́ra kù, ó sì padà síbi tó ti wá. Òpó ilé yẹn gan-an ni Fadérera fara tì nígbà náà.

Igbá ìlàjà, èyí tí àwọn tó bá parí ìjà máa ń jọ mu, wà lórí tábìlì láàárín wọn, omi ògì kún un dé ẹnu. Ẹ̀rọ awòná tó ń wo iná inú ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tóbi ju ìkarahun ìgbín lọ. Lára ògiri ni Etí Ìlú wà, idẹ roboto kan tó lanu bí òdòdó. Ẹni tó bá fa okùn rẹ̀ tó sì sọ̀rọ̀, Ìgbìmọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ yóò gbọ́, gbogbo ìlú yóò sì gbọ́. Lókè Etí Ìlú ni wọ́n fi irin dídán kọ ọ̀rọ̀ kan sí, lẹ́tà rẹ̀ gùn tó apá ọmọdé:

ẸNI TÍ INÚ RẸ̀ KÒ BÁ MỌ́, YÓÒ TÈTÈ GBÓ.

Orúkọ Fadérera ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ìpè kẹta lèyí," ni Mufútáù wí. "Ẹ ò jẹ́ ìkíní, ẹ ò jẹ́ èkejì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló wá mú yín lónìí. Bí oòrùn bá wọ̀ tí ẹ̀gbà ọwọ́ yín ṣì pupa bíi ti ẹni tí kò tíì parí ìjà, ọkọ̀ Àgọ́ ló wà níta yẹn. Ẹ sì mọ Àgọ́. Wọn kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ ìtura níbẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò mọ́, wọ́n á ní kó lọ máa jó nínú iná ara rẹ̀. Orúnkún á wú, ojú á ṣú, èèyàn á máa gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀."

"Ògiri, orúnkún ta ló wú?"

Bàbá na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ká a, ó tún nà án. Orúnkún náà kò dún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó lọ mú un ti jẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé nígbà tí àwọn ń sọ̀kalẹ̀ òkè, bàbá ló ń dúró de àwọn, nítorí àwọn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Fadérera kò wá jà. Ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Ó ti pinnu pé ohunkóhun tí ẹ̀gbọ́n òun bá ní kí òun wí, òun yóò wí i, kí ọkọ̀ yẹn ṣáà lè padà lófìfo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ ẹ̀yìn orí?

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iná," ni Mufútáù wí. "Wọn kì í ṣe ìlàjà láìwo iná."

Ó fi ẹnu awòná kan ìka bàbá. Ẹ̀rọ náà ta á díẹ̀, ó kùn bí oyin, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í mọ ibi tó yẹ kó ti gbé ohùn sókè: "Iná kò sí."

Mufútáù gbá a mọ́ itan. "Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń ṣe ségesège." Ó fi í sí ìka ara rẹ̀.

"Iná díẹ̀," ni awòná wí.

"Ìyẹn tọ̀nà, ẹ̀yìn ń dùn mí." Ó dá a padà sí ìka bàbá.

"Iná kò sí."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, olùlàjà àti dókítà. Fadérera na ìka tirẹ̀. Ẹ̀gbà àwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó fi ìlàjà gbà. Ìgbìmọ̀ ló fi ta á lọ́rẹ, wọ́n ní ẹni tó fi òótọ́ han ayé kò ní inú àìmọ́.

"Iná pọ̀," ni awòná wí. "Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ ìtura."

"Ògiri," ni bàbá Oyèdòkun wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, "bi wọ́n fún mi, ta gan-an ni ọkọ̀ ń dúró dè?"

Fadérera kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn mọ́. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdí tí ara arúgbó fi máa ń jó lábẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe egbò. Iná kan ni tí ara ń dá láti fi bá àrùn jà, tí kò wá mọ ìgbà tó yẹ kó kú. Á máa jó oríkèé, á máa jó ọkàn, á máa jó ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀, bí ìtí igi lábẹ́ eérú. Òun ló kọ́kọ́ rí ibi tí iná náà ti ń ràn: ìfun ni. Bí ògiri ìfun bá ti gbó, ìdọ̀tí á máa jò gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì dá iná láti sun ún, lójoojúmọ́, títí ilé á fi bá a jó.

Lọ́jọ́ tó lọ sọ ọ́ níwájú Ìgbìmọ̀, àwọn àgbà olóyè ló jókòó yí i ká, àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, wọ́n wọ ẹtù, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dúró níwájú irú wọn kó máa wí pé ìfun, ìfun, kó tún wá dé orí ìgbẹ́? Ọmọ tí a tọ́ ni Fadérera. Ẹnu rẹ̀ yà bàrá, ó ní "inú." Ó ní ẹni tí inú rẹ̀ kò bá mọ́ yóò tètè gbó.

Wọn ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ta ni Yorùbá tó gbọ́ inú tó rántí ìfun? Inú nìkà ń gbé, inú loore ń gbé, inú lọ̀tá ń dì í sí. Olóyè kan tó dàgbà jù lu àga, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ohun tí mo ti ń wí látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn! Ìkùnsínú ló ń pani!" Kí oṣù náà tó parí, òfin ti jáde. Kí ọdún tó yí, Ilé Ìlàjà ti wà káàkiri, Àgọ́ náà sì ti wà. Fadérera ìbá tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan dí i lẹ́nu: àwọn tó parí ìjà, iná wọn ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Awòná kì í purọ́. Ó wá rò ó pé bóyá ojú àwọn olóyè ríran ju tòun lọ.

Ọkùnrin kan rèé lónìí tó ti dì sínú fún ogún ọdún ó lé, tí iná kò sì sí lára rẹ̀.

Ó sún àga rẹ̀ síwájú. "Ògiri," ló wí, "jọ̀ọ́, bá mi bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀ yìí."

Etí bàbá mì. Àbúrò rẹ̀ kò bá ògiri sọ̀rọ̀ rí.

"Ògiri, kí ló kàn án?"

"Ògiri, sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́!" Bàbá pòṣé. "Ẹ̀kọ ni mo jẹ. Mo mu omi ògì lé e."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ẹ̀kọ."

"Oúnjẹ páálí tí ẹ̀rọ ìjọba ń gbé wá sórí òkè láràárọ̀ ńkọ́?"

Bàbá Oyèdòkun bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi èjìká. "Ògiri, ṣé o ti rí páálí náà rí? Àwòrán ta ni wọ́n tẹ̀ sí i lára? Dókítà ti fọwọ́ sí i, dókítà ti fọwọ́ sí i! Kí n jí, kí n máa rí ojú yẹn kí n tó fi nǹkan kanu? Ewúrẹ́ mi ni mò ń fún. Ewúrẹ́ náà gan-an, kì í jẹ ibi tí àwòrán wà."

Mufútáù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló ń sẹ́ ògì náà fún wọn?" Fadérera ti gbàgbé láti pe ògiri.

"Èmi ni. Ìkòkò ìyá wa kò tíì fọ́. Ọkà bàbà ni, omi àná ni mo sì fi ń rẹ tòní, bí ìyá ti ń ṣe é. N ò jẹ ohun tí kò ti inú ìkòkò yẹn wá láti ìgbà tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán yẹn kiri."

Fadérera yíjú sí igbá tó wà lórí tábìlì. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ojú ojúlùmọ̀ tó gbàgbé orúkọ rẹ̀.

"Mufútáù, àwọn tó bá parí ìjà, oṣù tí wọ́n fi ń gbé pọ̀ níbí, kí lẹ máa ń fún wọn jẹ?"

"Oúnjẹ inú ìkòkò ni, Ìyá. Ẹ̀kọ, omi ògì. Páálí ò gbọ́dọ̀ wọ ilé yìí. Àwọn olóyè ní a kì í fi páálí parí ìjà."

"Níta ńkọ́? Ta ló ń mu omi ògì níta?"

"Ìyá, ta ló ráyè?"

Ó rọra dìde. Orúnkún tirẹ̀ dún. Ní yàrá kejì, wọ́n ń gbọ́ àwọn ìyàwó ilé kan tí wọ́n parí ìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti tún ń bú ara wọn lórí ìgbálẹ̀, ara wọn sì le koko.

"Kì í ṣe ìdáríjì ló ń mú iná wọn lọ sílẹ̀," ló wí. "Ọlọ́run mi. Kì í ṣe ìdáríjì rárá."

Mufútáù kò bá a yọ̀. Ó ti rí ibi tí Fadérera ń wò. Ó bọ́ sáàárín rẹ̀ àti okùn Etí Ìlú.

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá fi ètè kan igbá lásán. N ó pajú dé. Ẹ̀gbà wọn á di àwọ̀ ewé, ọkọ̀ á lọ, ó parí."

"Ògiri," ni bàbá wí, "sọ fún un pé ètè mi kì í bá mi purọ́."

"Bàbá, ẹ̀mí yín là ń dù!"

"Kí ló ṣe ẹ̀mí mi? Iná kò sí."

Mufútáù fi bàbá sílẹ̀, ó kọjú sí Fadérera. Omi ti ń yọ lójú rẹ̀. "Ìyá, bí ẹ bá sọ ọ́ síta, wọ́n á ti ilé yìí. Ilé yìí ni èmi àti bàbá mi ti sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni a kò fi wo ojú ara wa. Bí kì í bá ṣe òfin yìí, òkú rẹ̀ ni ǹ bá kí. Bí ẹ bá ní kì í ṣe ìdáríjì, ta ni yóò tún bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ jókòó láyé yìí? Wọ́n á sì bi yín pé níbo lẹ wà látọjọ́ yìí tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Àgọ́. Orúkọ yín rèé lára ògiri! Wọ́n á fi òòlù yọ ọ́."

Gbogbo rẹ̀ ni Fadérera ti rò kí Mufútáù tó sọ ọ́. Ilé ìwádìí rẹ̀, Ìgbìmọ̀ ló kọ́ ọ. Àwọn ọmọdé ń kọ orúkọ rẹ̀ lórin nílé ẹ̀kọ́. Bó bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ máa gbé lọ, òun náà sì le, yóò gbé ìkòkò rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wà ní Àgọ́ kò ní ìkòkò. Páálí ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jó, wọ́n sì gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ inú àwọn ló ń sun àwọn.

"Mufútáù, nígbà tí ìwọ àti bàbá rẹ jókòó níbí, ṣé nítorí ẹ̀gbà lo ṣe lanu?"

"Ẹ̀gbà ló gbé mi wá. Àmọ́ nígbà tí mo rí bí ọrùn wọn ti rù, mo gbàgbé ẹ̀gbà."

"Èyí tó mú ọ gbàgbé yẹn, òfin kọ́ ló ni ín. Kò sí ẹni tó lè tì í pa. Yàgò fún mi, ọmọ mi."

Kò yàgò lójú ẹsẹ̀. Ó nu ojú nù. Nígbà tó wá yàgò, òun fúnra rẹ̀ ló fa okùn náà, ó sì fi í lé Fadérera lọ́wọ́.

Etí Ìlú mí. Níta, ariwo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ bó ti máa ń rọlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin ará ìlú, mo kí yín. Fadérera ni. Ọ̀rọ̀ kan wà lára ògiri tí ẹ fi orúkọ mi sí. Inú tí mo wí níjọ́sí, kì í ṣe inú tí ẹ gbọ́. Ìtìjú ló mú mi. Ìfun ni mo fẹ́ wí."

Ẹnì kan wúkọ́ láti Ọ̀yọ́. Ohùn àgbàlagbà kan jáde, ó ń ṣọ́ra: "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́... kí lẹ wí?"

"Ìfun, Olóyè. Ibi tí ìgbẹ́ ń gbà."

"Ìgbẹ́?"

"Ìgbẹ́ ni mo wí, Olóyè. Ìgbẹ́."

Láti ìta, ìlú bú sẹ́rìn-ín látòkè délẹ̀. Ẹ̀yìn bàbá Oyèdòkun ń gbọ̀n lórí àga. Fadérera kò dúró kí ẹ̀rín tán. Ó sọ ọ̀rọ̀ ògiri ìfun tó ń jò, ó sọ ti omi ògì kíkan tó ṣeé ṣe kó máa tún ògiri náà ṣe, ó sọ pé iná kò sí lára ọkùnrin kan tí kò dárí ji ẹnikẹ́ni, tí iná sì pọ̀ lára òun tó wọ ẹ̀gbà àwọ̀ ewé.

"N ò tíì sọ pé omi ògì ni òògùn rẹ̀ o," ló wí. "Mo ti yára sọ̀rọ̀ nígbà kan rí, ẹ rí ibi tó gbé wa dé. Ẹ fún mi láyè kí n wádìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìkòkò lọ sí Àgọ́, kí n fún àwọn tó wà níbẹ̀ mu, kí wọ́n máa bínú sí ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bínú sí, ká wá wo iná wọn. Bí kò bá lọ sílẹ̀, ẹ gbé èmi náà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí inú."

Ó yẹ kó fi okùn sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan. Nínú ìwé mi, mo kọ̀wé nípa obìnrin arúgbó kan, ẹni tí mo kọ́kọ́ rí tí iná kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo pè é ní Ẹni Kìíní. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ yìí ti wá. Ó ní orúkọ. Ọyábùnmi lorúkọ rẹ̀. Ìyá wa ni, ìyá èmi àti Oyèdòkun. Láti inú ìkòkò rẹ̀ ló ti ń mu omi ògì, ojú mi ló ṣe, n ò sì rí i."

Ọ̀pá bàbá bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n gbọ́ bí àwọn olóyè ti ń bá ara wọn jiyàn ní Ọ̀yọ́, ohùn ń bọ́ lé ohùn. Nígbà tó pẹ́, ti àgbàlagbà yẹn ló jáde. "Dókítà, ìtìjú ńlá lẹ fi kàn wá lónìí. A ó pè yín. Ẹ óò wá rojọ́. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ Àgọ́ má ṣe gbé ẹnikẹ́ni lálẹ́ òní. Bẹ́ẹ̀ ni ní gbogbo ìlú tó kù, títí a ó fi rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí." Kí Etí Ìlú tó pa, wọ́n gbọ́ ọ tó ń bi ẹnì kan ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ló ṣì ń ta ògì?"

Níta, awakọ̀ náà ti ń lu fèrèsé. "Olùlàjà! Bí mi ò bá gbé èèyàn, ṣé ìkòkò ni n ó gbé? Ẹ wí, kí n gbá inú ọkọ̀ mi!"

Mufútáù jáde lọ bá a. Ó ku àwọn méjèèjì.

Bàbá Oyèdòkun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó dìde, ó di àga náà mú, ó sì yí i padà. Ẹsẹ̀ àga náà ha ilẹ̀, ariwo rẹ̀ gùn. Ó jókòó. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tí Fadérera rántí. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun.

"Àwẹ̀ró," ló wí.

Kò sẹ́ni tó tún ń pe Fadérera lóríkì láyé mọ́.

"N ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní kí wọ́n ka ìwé yẹn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé èèpo ẹ̀yìn. Mò ń retí orúkọ ìyá mi. Ẹni Kìíní, Ẹni Kìíní, bí ẹni ń ka ewúrẹ́. Kò tíì tán nínú mi. Bóyá kò ní tán."

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tán, bó bá ń jẹ́ kí ẹ mu omi ògì."

Bàbá gbé igbá ìlàjà sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú, ó sì gbé e kalẹ̀ láìmu. "Èyí ò kan. Ìyá kò ní fi èyí fún ajá. Bó o bá fẹ́ wádìí, wá sórí òkè."

"Ṣé kí n mú abẹ́rẹ́ dání?"

Bàbá Oyèdòkun wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì pupa, ó fi ìka yí i po lẹ́ẹ̀kan.

"Mú un dání. Ṣùgbọ́n bó o bá ti gba ẹ̀jẹ̀ mi tán, kọ orúkọ mi sí i. Oyèdòkun ọmọ Ọyábùnmi. Kọ ọ́ kó hàn gàdàgbà. Má lọ kọ Ẹnì Kejì."